Olú Inú Ògiri ní Òpópónà Ahunagbọ̀n

Ellerode, 1993

Mọ́ńdè, 4 Oṣù Kẹwàá

Òjò látàárọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bu èédú nínú àjà ilẹ̀, mo gbọ́ òórùn kan. Kì í ṣe òórùn èédú, kì í ṣe ti pòtétò tó ti bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá ń wá olú nínú igbó lẹ́yìn òjò. Mo pe Gundel, ìyàwó mi, kó wá gbọ́ ọ. Orí àtẹ̀gùn ló dúró sí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ ṣúgà pa tí mo ti ń jókòó sílé, òórùn gbogbo ayé ni mò ń gbọ́.

 Àmọ́ òórùn wà níbẹ̀.

Fúráìdè, 8

Overbeck tún gbé irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ síta, ó ń wọn ilé. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan o. Ó wọn tiwa, ó wọn ti Àǹtí Adelheid. Ilé tirẹ̀ ló wà láàárín àwa méjèèjì. Oṣù kẹrin ló rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ Quast, onílé tẹ́lẹ̀, tí wọn ò tiẹ̀ wá wò ó kí wọ́n tó tà á.

Mo jáde sí i. Mo ní kí ló ń wọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Henze. Ilé yín fì sápá òsì. Tèmi náà fì sápá òsì. Bí tìyá yẹn náà ṣe fì nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ni."

Mo ní, "Ó ti fì kí wọ́n tó bí bàbá mi. Kò tíì wó pa ẹnikẹ́ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ló ń ṣe ní Dortmund, ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe níbí. Ó ní òun ti máa ń wọn nǹkan láìmọ̀ọ́mọ̀. Ta ló máa ń wọn ilé onílé láìmọ̀ọ́mọ̀?

Mọ́ńdè, 11

Wọ́n tún ti fi owó lé búrẹ́dì. Ìyáàfin Pohl tó ń tà á ní kí n má bínú sí òun, kí n bínú sí àwọn tó ni iná mànàmáná. Ó tún ní òun gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan láti Ìwọ̀-oòrùn ń béèrè iye tí wọ́n máa ta gbogbo ilé tó wà ní apá ibi tiwa. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn.

Mo ń ronú lọ sílé. Ọkùnrin kan ń wọn ilé, àwọn kan sì ń béèrè iye tí wọ́n jẹ́.

Sátidé, 16

Mo ti rí i.

Ẹ̀yìn pákó tí a ń to pòtétò lé ni. Mo fà á kúrò lára ògiri tó pààlà àwa àti Overbeck, mo sì rí nǹkan funfun bí òwú tí wọ́n tẹ́ sára ògiri, etí rẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún, omi sì ń sun jáde lára rẹ̀ tótó-tótó bí ẹni ń sunkún. Mo mú ọ̀bẹ, mo fi gún ìtì ìsàlẹ̀, igi óòkù tí gbogbo ilé jókòó lé. Ọ̀bẹ náà wọlé dé èèkù. Mi ò lo agbára rárá.

Bàbá mi máa ń fi bàtà rẹ̀ gbá igi yẹn, á ní, "Ọdún 1611! Ilé tó dàgbà jù ní Òpópónà Ahunagbọ̀n! Àwọn yòókù kàn fara tì wá ni." Nọ́ńbà ọdún yẹn wà lórí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n gbẹ́ ẹ sára igi. Ilé Overbeck ò ní ọdún kankan lára. Ti Àǹtí Adelheid náà ò ní.

Gundel sọ̀kalẹ̀ wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbọ́ òórùn náà. Ó jókòó sórí àpò èédú pẹ̀lú aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìpoògùn, kò sì bìkítà.

Mọ́ńdè, 18

Teichgräber wá wò ó. Káfíńtà ni, òun nìkan ló kù ní agbègbè yìí tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé olópòó igi ṣe. Ó fi ìka kan òwú funfun yẹn, ó gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Olú ajẹgi," ló wí.

"Ṣé èèyàn lè pa á?"

"Èèyàn lè gé e kúrò. Gbogbo igi tó ti fọwọ́ kàn, àti ìwọ̀n mítà kan sí i. Amọ̀ inú ògiri náà á jáde." Ó wo ògiri. "Ó máa ń gba inú bíríkì kọjá lọ wá igi míì jẹ. Ó máa ń gbé omi lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Kò mọ ojúlé."

Ó ní òfin ni pé kí n lọ sọ fún ìjọba. Ó ní àwọn adójútòfò kì í san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ti wá. Ó ní ibi tí omi bá wà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ò sì tíì rí omi nínú àjà ilẹ̀ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí omi lọ́dọ̀ mi.

Wẹ́sìdè, 20

Mi ò sùn dáadáa, àmọ́ mo ti rántí. Lóṣù kẹjọ, ọkọ̀ akẹ́rù kan já àwọn ìtì igi àtijọ́ sílẹ̀ níwájú ilé Overbeck. Ó ní inú àká kan tí wọ́n wó lábúlé lòun ti rà wọ́n. Àgbàlá rẹ̀ ló kó wọn sí. Oṣù keje, kò sí olú. Oṣù kẹjọ, igi dé. Oṣù kẹwàá, olú.

Mo sọ fún Gundel. Ó ní, "Ṣé o ti rí olú lára igi yẹn?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i? Ó fi tapólì bò wọ́n."

"Ó fi tapólì bò wọ́n torí òjò ń rọ̀, Volkmar. Ìwọ lo máa ń fura sí òjò gan-an pé ó ní ẹni tó rán an."

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Pohl, mo sọ fún un. Èèyàn mẹ́rin ló wà lórí ìlà. Gbogbo wọn gbọ́. Mo sì fi kún un pé ilé tó ní olú, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ra gbogbo ilé wa, kí ni ì bá tún fẹ́ ju ìyẹn lọ?

Ara tù mí nígbà tí mo ń bọ̀ nílé. Mo kọ ọ́ síbí torí pé bó ṣe rí nìyẹn.

Wẹ́sìdè, 27

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn Overbeck: KÓ OLÚ Ẹ PADÀ SÍ DORTMUND. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ nígbà tí mo kọjá. Ó kí mi. Mo kí i padà.

Gundel ní kí n wojú òun. "Ṣé ìwọ ni?"

"Rárá! Ọlọ́run gbọ́."

"Ọwọ́ ẹ kọ́. Àmọ́ ẹnu ẹ ni."

Ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ̀ tán.

Wẹ́sìdè, 3 Oṣù Kọkànlá

Ìjì láti orí òkè Harz. Wọ́n ti gé okùn tapólì tó wà lórí òrùlé Overbeck, ibi tí kò tíì parí. Gígé ni, mo rí i kedere, atẹ́gùn kì í já okùn gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Òjò wọ inú yàrá rẹ̀ òkè pátápátá.

Ó kanlẹ̀kùn wa. Omi ń ro lára rẹ̀. Mo ti ń múra ohun tí mo máa fi dá a lóhùn sílẹ̀, àmọ́ kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní ṣé mo lè yá òun ní àkàbà gígùn. Mo yá a. Mo di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú fún un nígbà tó gùn ún. Ṣé kí n jẹ́ kó jábọ́ ni?

Àǹtí Adelheid ń wò wá látojú fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí mo juwọ́ sí i, ó fa kọ́tìnnì.

Túsìdè, 9

Mo lọ mu kọfí lọ́dọ̀ Àǹtí Adelheid. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ó ṣì ń ṣe kéèkì eléso fúnra rẹ̀. Òun ló tọ́ mi nígbà tí màmá mi wà nílé ìwòsàn tí kò padà wálé mọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa òpópónà yìí, nínú kíṣìnnì yẹn ni mo ti gbọ́ ọ: àwọn ahunagbọ̀n tó ń rẹ ọpá wíló nínú odò, ọdún tí iná jó apá òdìkejì, bí wọ́n ṣe fẹ́ wó gbogbo wa ní 1981 kí wọ́n lè kọ́ ilé alájà mẹ́fà, tí símẹ́ńtì sì tán wọn lọ́wọ́.

Lónìí ó sọ èyí tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní ìyá ìyá òun sọ pé ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ilé kan ṣoṣo ni wọ́n.

Mo ní, "Irọ́ o, Àǹtí. Tiwa ló dàgbà jù. Ọdún wà lára ẹ̀."

"Ṣé wàá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Volli? Ọmọ ìyá mẹ́ta ló jogún ẹ̀. Obìnrin kan, ọkùnrin méjì. Ààrò kan ni wọ́n jọ ń lò. Ní ọjọ́ kan, wọ́n yọ búrẹ́dì, ọ̀kan dín. Eléyìí ní tọ̀hún ló jẹ ẹ́. Tọ̀hún ní irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Wọ́n bá di ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé síra wọn, oníkálukú lu ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ sójú títì."

"Ta ló wá jẹ búrẹ́dì?"

"Ajá ni, àbí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè lójijì pé, "Tí wọ́n bá bá olú yẹn nílé èèyàn, ṣé wọ́n máa ní kónítọ̀hún kó jáde?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ilé Overbeck ló ti wá, kì í ṣe tirẹ̀.

Ó gé kéèkì sí i fún mi.

Wẹ́sìdè, 17

Teichgräber ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ògiri. Overbeck gbà kó ṣí tòun náà, láìjiyàn. Èyí yà mí lẹ́nu, mo sì ń wá ìdí tó fi gbà. Mo lọ dúró níbẹ̀ kí n má bàa jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún mi.

Ohun àkọ́kọ́: igi inú àká. Teichgräber yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó fi òòlù kàn wọ́n, ó gbọ́ ohùn wọn. Ó ní igi gbígbẹ ni, ó mọ́ bí eyín, òun ì bá fi ṣe ilé tòun.

Ìkejì: ìtì ìsàlẹ̀. Mo retí pé níbi ògiri tó pààlà wa, igi tiwa á parí, tiwọn á bẹ̀rẹ̀. Kò parí. Ó kọjá lábẹ́ ògiri bí ọ̀nà rélùwéè, ó gba abẹ́ ilé Overbeck lọ. Lára àwọn òpó, káfíńtà ayé àtijọ́ ti gé àmì sí i, ìlà kan, méjì, mẹ́ta, kó lè mọ bí yóò ṣe tò wọ́n nígbà tó bá ń gbé ilé dìde. Tiwa bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà kan. Nínú ilé Overbeck, àmì náà ń bá a lọ látibi tí tiwa parí sí. Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Overbeck kúnlẹ̀, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè bí ọmọdé. Ẹnu ọ̀nà kan wà nínú ògiri láàárín èmi àti ẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n fi ọpá àti amọ̀ dí pa.

"Ilé kan ni," ló wí. "Ìdí tí wọ́n fi jọ fì sápá kan náà nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Henze, inú ilé kan náà ni wá!"

 Bàbá mi ni mò ń rò.

Ìkẹta ni mi ò fẹ́ kọ. Olú yẹn ní okùn tó fi ń fa omi. Lọ́dọ̀ mi, wọ́n tín-ín-rín bí irun. Nínú ilé Overbeck, wọ́n tó okùn bàtà. Lára ògiri òdìkejì, èyí tó pààlà òun àti Àǹtí Adelheid, wọ́n tó ìka mi, wọ́n sì rọ̀ fún omi.

Teichgräber fọwọ́ nu ẹnu. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀."

Mo ní bóyá okùn náà máa ń nípọn níbi tó bá parí sí. Ó wò mí.

Tọ́sìdè, 18

Mo lọ.

Ó ti se kọfí sílẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wo yàrá ẹ̀yìn."

"Yàrá yẹn tutù. Mi ò dáná síbẹ̀ mọ́."

"Ìṣẹ́jú kan ni."

"Mo ní ó tutù, Volkmar."

Kò pe orúkọ mi tán bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dìde, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́, èyí tó wúwo tí ọkùnrin méjì ò lè gbé, ó ti wà níwájú ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó ti ki bẹ́bà bọ ihò abẹ́ ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ òórùn náà ń jáde.

Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù náà díẹ̀díẹ̀ títí mo fi rí àyè wọlé. Mi ò fẹ́ ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú yàrá yẹn. Páìpù tó ń gbé omi òrùlé wálẹ̀ ti bẹ́ nínú ògiri. Kì í ṣe lánàá. Ilẹ̀ pákó ti rì. Olú náà ti so, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí kéèkì ńlá, ìyẹ̀fun pupa rẹ̀ ti bo gbogbo nǹkan, títí kan bẹ́ẹ̀dì ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, ó ṣì jókòó níwájú kọfí rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí odi ní Berlin tó wó. Mo sọ fún àwọn onílé ìjọba nígbà yẹn. Wọ́n ní bó bá ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó mi lọ sínú ilé alájà. Mo ní ó ti gbẹ."

"Ẹ sì gbọ́ ohun tí mò ń sọ nílé Pohl. Ẹ rí ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ rí okùn tapólì."

"Mo rí i."

"Ẹ sì dákẹ́!"

Ó gbójú sókè. Kò sunkún. "Ṣé èmi ni mo ní kó o fura sí i ni? Ìwọ lo ti mú un kí n tó lanu. Gbogbo yín lẹ ti mú un. Èmi kàn ń dúró dè yín pé kẹ́ ẹ ṣe é tán ni, kí n lè kú sínú ilé mi."

Mo mú fìlà mi, mo sì jáde. Mi ò mu kọfí náà.

Fúráìdè, 19

Mi ò lọ síbì kankan. Yìnyín àkọ́kọ́, ó yọ́ kó tó balẹ̀.

Mọ́ńdè, 22

Gundel ní tí mi ò bá lọ sọ́dọ̀ Overbeck lónìí, òun máa lọ. Mo lọ.

Mo sọ fún un nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí kò ní ògiri mọ́. Mo ní kì í ṣe igi rẹ̀, mo ní mo ti sọ ohun tí mi ò mọ̀, mo ní mo tọrọ àforíjì. Ó ń nu ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Àmọ́ èmi ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe igi mi. Inú ilé mi ni mo wà. Ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ńkọ́?"

Mo ní kò rọrùn. Tí mo bá ní kì í ṣe òun, wọ́n á béèrè ta ni.

"Wọ́n á béèrè," ló wí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Túsìdè, 23

Ìyáàfin Pohl ń di búrẹ́dì mi. Èèyàn pọ̀. Mo ní, "Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Olú yẹn kì í ṣe ti Overbeck. Teichgräber ti yẹ igi ẹ̀ wò, ó mọ́. Mi ò rí nǹkan kan kí n tó sọ ọ́. Mo kàn sọ ọ́ ni."

 Ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì nìkan ló ń dún.

"Ta wá ni?" Ìyáàfin Pohl ti na ọrùn.

"Ilé mẹ́ta yẹn, ilé kan ni. Páìpù àtijọ́ kan ló bẹ́ nínú ògiri. Ilé ló ni ín."

"Ògiri ta?"

"Ògiri wa," ni mo wí. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ gbọ́ ọ, wọ́n ti ra Henze pẹ̀lú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹni yẹn ló gé okùn? Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni.

Tọ́sìdè, 2 Oṣù Kejìlá

Arábìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni, ó ní ọ̀rọ̀ tútù. Ó ní wọn ò lè jẹ́ kí ìyá àgbàlagbà máa mí ìyẹ̀fun olú, àti pé ibùsùn kan ti ṣófo nílé àwọn arúgbó lórí òkè. Àǹtí Adelheid jókòó, ó di ọwọ́ àga mú. Èmi àti ẹ̀ ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Gundel ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un.

Mo fẹ́ ní kó wá sọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ilé wa ti wà lórí òpó ìtìlẹ́yìn, àwa fúnra wa ń sùn nínú kíṣìnnì.

Overbeck wọlé, kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn. Ó ní, "Yàrá iwájú mi gbẹ. Mo ti ṣe ilẹ̀ ẹ̀, ààrò wà níbẹ̀. Teichgräber ti rí ẹnu ọ̀nà kejì nínú ògiri tó wà láàárín èmi àti ìyá. Tá a bá ṣí i, wọn ò ní gba ìta kọjá nínú òtútù. Wọ́n á máa wo ilé wọn bá a ṣe ń tún un ṣe."

Arábìnrin náà ní, "Ṣé ẹ bára yín tan ni?"

"Rárá," ni Overbeck wí. "A kàn jọ ń gbé inú ilé kan náà ni."

Àǹtí Adelheid wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo máa ń hanrun o."

Inú mi ì bá dùn. Inú mi ò dùn. Ta ló ń ṣe oore bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn rẹ̀? Ìyá yẹn ò lọ́mọ. Ilé rẹ̀ ló ní ọgbà tó tóbi jù.

Sọ́ńdè, 5

Mi ò lè gbé e mọ́ra. Mo bá a nínú àgbàlá, mo bi í láìfi bò: "Ṣé ilé ẹ̀ lẹ fẹ́ gbà?"

Ó gbé ayùn sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mi ò retí ìyẹn.

"Mo fẹ́ ẹ. Tiyín náà, mo fẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àwọn àmì yẹn tó tẹ̀lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò fẹ́ kí wọ́n wà pa pọ̀, nǹkan ń ṣe é. Mo ti sọ fún ìyá náà pé tí wọ́n bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Wọ́n ní kí n lọ jókòó."

"Ẹ sì gbà?"

"Mo jókòó. Wọ́n fún mi ní kéèkì." Ó mú ayùn rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ bá mi di apá ọ̀hún mú, Ọ̀gbẹ́ni Henze, àbí ẹ fẹ́ máa wò mí?"

Mo di apá ọ̀hún mú.

Sátidé, 25

Kérésìmesì. Gundel se pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan, a jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ Overbeck torí ibẹ̀ nìkan ló ní tábìlì tó gbà wá. Àǹtí Adelheid jókòó síwájú nídìí tábìlì bí onílé. Ó bu itan fún mi láìbi mí. Mo ní ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá a sọ látọjọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nìyẹn.

Ó ní, "Jẹun, Volli. O ti rù."

Túsìdè, 8 Oṣù Kejì, 1994

Ọjọ́ jáàkì. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn ilé àtijọ́ ti gbà láti san apá kan, torí pé ilé kan ni, wọn ò rí irú rẹ̀ ní agbègbè yìí. Ká ní mẹ́ta ni, wọn ì bá má dá wa lóhùn.

Teichgräber to àwọn jáàkì sábẹ́ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní a gbọ́dọ̀ jọ gbé e sókè, díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣáájú. Overbeck dúró lójú títì pẹ̀lú irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo kórìíra, ó ń wo ilé láti inú rẹ̀. Tó bá gbé ọwọ́ sókè, ká dúró. Tó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ká yí i.

A yí i. Ilé náà ké. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè pè é. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibi tí mo wà, ó gba inú ilé Overbeck lọ, mo sì gbọ́ bó ṣe jáde níbi ti Àǹtí Adelheid. Ọwọ́ sókè. A dúró. A tún yí i. Gíláàsì fèrèsé kíṣìnnì wa fọ́ gbàù, Gundel pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ dúró, ó ń wó!" Mo fi jáàkì mi sílẹ̀. Mo rò pé Overbeck ti tan wá, pé ó fẹ́ kí tiwa wó kí tirẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn gbogbo nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn.

Overbeck ò gbójú kúrò nínú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó pariwo, "Gíláàsì lásán ni! Ó dúró gbọin! Ọ̀gbẹ́ni Henze, ẹ padà sídìí ẹ̀, tiyín ló ń rẹlẹ̀!"

Mo padà sídìí ẹ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n fa ìtì àtijọ́ jáde. Ó ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí kéèkì tí wọ́n da wàrà sí. Wọ́n sì ti igi inú àká wọlé dípò rẹ̀.

Fúráìdè, 25

Èédú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òórùn náà ti lọ. Gundel ní òun náà ò gbọ́ ọ mọ́, ó sì rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀.

Sátidé, 19 Oṣù Kẹta

Teichgräber fẹ́ mọ ohun tí a máa ṣe sí àwọn ẹnu ọ̀nà inú ògiri. Ti Àǹtí Adelheid, ilé rẹ̀ ti gbẹ, ó ti padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí wọ́n ṣì fi sílẹ̀ títí dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú.

Mo ní kó dí tiwa. Gundel kàn wò mí. Mo ní èèyàn gbọ́dọ̀ ní ògiri.

A jọ dí i. Overbeck ń hun ọpá láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, èmi láti ọ̀dọ̀ mi, a ń ju amọ̀ tí a fi koríko pò mọ́ ọn. Nígbà tí ihò tó kù ò ju àwo oúnjẹ lọ, ó yọjú níbẹ̀, amọ̀ wà ní imú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rí yín lẹ́ẹ̀kan sí i, Ọ̀gbẹ́ni Henze, kí n má gbàgbé bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣojú."

"Báwo ni mo ṣe máa ń ṣojú?"

"Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ yìí."

Mo ju amọ̀ tó kẹ́yìn.

Mọ́ńdè, 21

Oòrùn ràn díẹ̀. Amọ̀ náà ò tíì gbẹ, ó ṣì dúdú. Lọ́sàn-án, mo gbọ́ Àǹtí Adelheid tó ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ Overbeck, ẹ̀rín tí ó máa ń fi húkọ́. Overbeck sọ nǹkan kan, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Mo fi etí mọ́ ògiri. Mo gbọ́ orúkọ mi.

Gundel bá mi níbẹ̀. "Kí lò ń ṣe?"

"Èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó ṣeé ṣe. Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Mi ò gbọ́. Ògiri ti nípọn jù."

Ó bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó fi kọ́. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ṣì wà, Volkmar. Lọ bi wọ́n."

Mo nu amọ̀ kúrò ní etí mi, mo sì wá bàtà mi.